Àpá Irorẹ́: Oríṣìí Tí Ó Wà àti Ìtọ́jú Tí Ó Tọ́ sí Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ̀yin ìyá wa àti gbogbo ará ilé, àwọn àgbà a máa sọ pé ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àmì tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lójú ọmọ ni ó jẹ́ àpá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò parẹ́ fúnra wọn bí a bá ní sùúrù. Ohun tí ó sì lè ba ojú jẹ́ ju irorẹ́ lọ ni ohun tí a fi ń lé àmì rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ dá irú àmì tí ó wà lójú ọmọ yín mọ̀, kí ẹ tó ná owó, kí ẹ sì tó fi ohunkóhun ra á lára.

Kí ni ó ń fa irorẹ́?

Láti inú ihò irun ara wa ni òróró díẹ̀ ti máa ń sun jáde kí awọ má baà gbẹ. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, òróró yìí a máa pọ̀ sí i. Bí òróró àti awọ tí ó ti kú bá dí ẹnu ihò náà, kòkòrò àìfojúrí a pọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ a wú, nígbà mìíràn a sì gba ọyún. Kì í ṣe ìdọ̀tí ni ó ń fà á, kì í sì í ṣe ìwàkiwà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì fi ẹ̀sùn kàn án. Bí wíwú náà bá jinlẹ̀, tàbí bí ọmọ bá ń fi èékánná fún un, awọ ìsàlẹ̀ a bàjẹ́, ibẹ̀ a sì di àpá.

Oríṣìí àmì mẹ́ta

1. Àmì dúdú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ó tẹ́jú bí awọ yòókù. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ṣú. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sì í ṣe àpá. Yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí irorẹ́ tuntun kò bá yọ síbẹ̀, tí oòrùn kò sì pa á jù.

2. Àpá tí ó jìn wọnú. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan ṣe tín-ín-rín, ó sì jìn, bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀. Èkejì fẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ sì hàn gbangba bí ihò ọpọ́n ayò. Ẹ̀kẹta fẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, kò sì ní etí pàtó. Ńṣe ni ojú awọ ń lọ sókè sódò, nítorí pé iṣan tín-ín-rín kan ń fa awọ náà mọ́ ìsàlẹ̀.

3. Àpá tí ó ga. Ó máa ń le, ó sì lè máa yúnni. Bí kò bá kọjá ojú ibi tí irorẹ́ wà, ó lè rọlẹ̀ bí àkókò ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tàn kọjá ibẹ̀, kíílọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Ó wọ́pọ̀ ní àgbọ̀n, àyà, èjìká àti ẹ̀yìn, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé.

Ìtọ́jú wo ni ó wà?

Irorẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹni tí ó ń tún àpá ṣe nígbà tí irorẹ́ ṣì ń yọ, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi. Ẹ béèrè ìpara benzoyl peroxide tàbí adapalene lọ́wọ́ apòògùn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, nítorí náà ẹ má tètè pa á tì. Bí irorẹ́ bá tóbi tí ó sì ń dunni, ẹ lọ rí dókítà.

Fún àmì dúdú, ẹ dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ dé fìlà olétí gbòòrò tàbí kí ẹ lo ìpara oòrùn tí a kọ SPF 30 sí lára. Ìpara azelaic acid náà máa ń mú kí ó tètè ṣá.

Fún àpá tí ó jìn, kò sí ìpara ọjà tí ó lè dí i. Dókítà awọ ara lè gé ihò tín-ín-rín kúrò kí ó sì rán an, tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ gé iṣan tí ó ń fa awọ wọlẹ̀. Ó sì lè lo ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí yóò mú kí awọ tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà mélòó kan ni a máa ń ṣe èyí. Iná léésà wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lè dá àmì dúdú mìíràn sí awọ bíi tiwa bí ẹni tí ó ń lò ó kò bá mọ̀ ọ́n dáradára. Ẹ má ṣe gba irú ìtọ́jú yìí ní ṣọ́ọ̀bù onírun, nítorí abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹlòmíràn lè kó àrùn ranni.

Fún àpá tí ó ga, abẹ́rẹ́ oògùn tí dókítà yóò máa gún sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra ni ó sábà máa ń mú un rọlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gé kíílọ́ìdì kúrò láìsí ìtọ́jú mìíràn, nítorí ó sábà máa ń padà, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ rí àwọn dókítà awọ ara ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, irú bí UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó. Wọn yóò dín àpá kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ẹni tí ó bá ṣèlérí pé kò ní kù rárá gbọ́.

Ewu tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún

Ẹ má ṣe fi ìpara abóra lé àmì dúdú. Stẹ́rọ́ìdì líle tí ó wà nínú òmíràn máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì tún ń fa irorẹ́ mìíràn. Bí a bá lo hydroquinone pẹ́ jù, ojú lè ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ́kúrì máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì léwu fún ọmọ inú. Ẹ yẹra fún ìpara àpòpọ̀ tí kò ní orúkọ tàbí nọ́ńbà NAFDAC. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín pẹ̀lú máa ń jó awọ.

Aboyún àti ẹni tí ó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lo adapalene. Oògùn oníhóró isotretinoin léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara. Dókítà nìkan ni ó lè fúnni.

Nínú ilé

Kí ọmọ máa fi ọṣẹ tí kò le bọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó má ṣe fi kànìnkànìn ha ojú. Kí ó má fún irorẹ́. Kí pómédì irun má ṣe dé iwájú orí. Kí ẹ sì tètè mú un lọ gba ìtọ́jú, nítorí irorẹ́ tí a tètè wò kì í sábà di àpá.

Ìlera loògùn ọrọ̀.