Kí Mẹkáníìkì Tó Tú Kábúrétọ̀

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kò tíì tán lójú títì Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan ní Ìlàrè yóò mọ àìsàn kan tó wọ́pọ̀ lára wọn: ọkọ̀ á sáré geere, ṣùgbọ́n bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá a dúró ní Sábó, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á sì kú bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí iná, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Àwọn mẹkáníìkì á ní sìlóò rẹ̀ kò dúró, kábúrétọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ tú. Lójú tèmi, òun ló yẹ ká tú kẹ́yìn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí sìlóò, tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a tẹ iná, ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Ẹ́ńjìnnì ń fà gidigidi, díẹ̀ ló sì ń rí. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 15 ló yẹ kó bá ìwọ̀n bẹntiróòlù 1 pàdé. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kábúrétọ̀ bá ti sán, tàbí, lára ọkọ̀ tó bá ní in, tí rọ́bà tó lọ sídìí bíréèkì ti là, afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan kò wọ̀n á máa gba ibẹ̀ wọlé, epo á sì kéré jù. Ẹ tẹ iná, afẹ́fẹ́ á pọ̀ débi pé èyí tó ń gba ojú ihò yẹn kò ní já mọ́ nǹkan mọ́, ara ọkọ̀ á sì yá. Bí jẹ́ẹ̀tì sìlóò, ihò tí epo ń gbà lórí sìlóò, bá dí, àmì kan náà gan-an ló ń mú wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá kábúrétọ̀ lẹ́bi ohun tí rọ́bà ṣe. Láti mọ ìyàtọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí a fi píláyà fún rọ́bà náà pa, tàbí kí a fọ́n omi díẹ̀ sí etí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ọwọ́ ti ba olè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọ́n bẹntiróòlù síbẹ̀ o. Iná lè sọ.

Bí ìgbọ̀nrìrì náà kò bá lọ nígbà tí a tẹ iná, ẹ wo ìdí iná mànàmáná. Wáyà púlọ́ọ̀gì ni ká máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí a yọ tí ẹ́ńjìnnì kò bìkítà, sìlíńdà rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ á tún sọ̀rọ̀. Tó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Tó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀. Lára Ìjàpá, àlàfo kọ́ńtáàtì, tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè tan, gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.4, ó sì ń yí padà bí kọ́ńtáàtì ṣe ń jẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń fi etí mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé etí wọn mú. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó là àti jẹ́ẹ̀tì tó dí, ẹ́ńjìnnì lè gbọ̀n bákan náà fún méjèèjì, etí nìkan kì í sì í sábà yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn á ní àwọn fọ kábúrétọ̀, ọkọ̀ sì dára. Òótọ́ ni, nítorí ihò jẹ́ẹ̀tì sìlóò tín-ín-rín, ìdọ̀tí kékeré sì ti tó láti dí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà; mẹ́táńọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ sì ni omi ń dúró sí. Ṣùgbọ́n epo bẹ́ẹ̀ lè ba rọ́bà tó ń gbé e kọjá jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà fífọ̀ nìkan kò tó. Àti pé gbogbo ìgbà tí a bá tú kábúrétọ̀ láìnídìí ni a ń fi gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wewu, èyí tí ń bí ihò afẹ́fẹ́ tuntun.

Bí ó bá wá di dandan ká tú u, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ rọra yí síkúrù sìlóò wọlé títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ó ka iye ìgbà tó yí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dá a padà síbi tó wà. Ẹnu síkúrù yẹn rí ṣóńṣó. Bí a bá fi agbára dè é, ó lè bàjẹ́, sìlóò kò sì ní gbọ́ àtúnṣe mọ́ àfi tí a bá pààrọ̀ rẹ̀.