Omi Fún Koríko Iwájú Ilé Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ẹ̀ẹ̀melòó Ló Tó?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé wa láti ilé oògùn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa bomi rin koríko iwájú ilé ní àsìkò tí kànga ń gbẹ yìí? Àwọn kan lè béèrè pé kí ló kan ojú ìwé ìlera àti ìmọ́tótó nínú ọ̀rọ̀ koríko. Ó kàn án gan-an. Omi tó bá lọ sórí koríko kò sí mọ́ fún àlùwàlá, kò sí fún ìfọwọ́ ọmọdé, kò sí fún fífọ aṣọ aláìsàn. Omi yìí kan náà la sì fi ń lé ìgbẹ́ gbuuru jìnnà sí ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdáhùn wa, àlàyé á tẹ̀lé e. Nígbà òjò, ẹ má bomi rin ín rárá, àní bí òjò bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín, tó sì tó àwọn aládùúgbò yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, kó sì jẹ́ èyí tó wọlẹ̀ dáadáa. Bí omi kò bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí koríko náà sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í kú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á gbé rọ́bà omi, á fọ́n omi sójú koríko fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di ọ̀la. Ojú koríko á tutù, inú ilẹ̀ á ṣì gbẹ. Ibi tí omi bá wà ni gbòǹgbò ń lọ. Bó bá jẹ́ òkè lomi wà lójoojúmọ́, òkè náà ni gbòǹgbò á jókòó sí, ọjọ́ méjì tí iná ò bá sí láti fa omi, oòrùn á bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọlẹ̀ jìn lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò á máa wá omi lọ sísàlẹ̀, á sì lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Omi ìrọ̀lẹ́ tún ní àléébù tirẹ̀: ewé á tutù mọ́jú, èyí sì ni àwọn àrùn tó ń mú kí koríko rà máa ń fẹ́. Àárọ̀ kùtù, lẹ́yìn irun Àsùbáà, kí oòrùn tó ràn, ni àsìkò tó dára jù. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, oòrùn àti atẹ́gùn ọyẹ́ á gba èyí tó pọ̀ nínú omi náà kí ilẹ̀ tó mu ún.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ nípa koríko sábà máa ń dá ni mílímítà 25 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú òjò tó bá rọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ gbé agolo mílíìkì òfìfo mẹ́ta tàbí mẹ́rin sáàárín koríko, kí ẹ ṣí omi. Nígbà tí omi inú agolo bá tó oríkèé àkọ́kọ́ àtàǹpàkò àgbàlagbà, ó ti tó, ẹ pa á.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mílímítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan jẹ́ lítà 1. Nítorí náà, koríko tó jẹ́ mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó máa mu lítà 2,500 lọ́sẹ̀ kan. Táǹkì onílítà 1,000 méjì àti ààbọ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe pé a fi ṣòfò. Ìwọ̀n tó tọ́ nìyẹn. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 sábẹ́ rọ́bà omi yín, kí ẹ wo aago. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan tí ẹ bá gbàgbé rọ́bà náà sórí koríko jẹ́ lítà 1,200. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Sphere, èyí tí àwọn tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́ ń tẹ̀lé, fi lítà 15 sí ohun tó kéré jù tí ẹnì kan nílò lójúmọ́ fún mímu, oúnjẹ àti ìmọ́tótó. Wákàtí kan yẹn jẹ́ omi ọjọ́ kan fún èèyàn 80.

Ẹ̀sìn wa kò dákẹ́ lórí èyí. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa ṣe àlùwàlá pẹ̀lú múddù kan, ìyẹn ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì àgbàlagbà, tí kò tó lítà kan. A sì máa fi bíi lítà 3 wẹ̀. Inú hádíìsì náà la ti rí i pé àwọn Mùsùlùmí jọ ní ìpín nínú omi, koríko ẹran àti iná, bẹ́ẹ̀ ló sì kọ̀ fún wa láti di àjẹṣẹ́kù omi mọ́ ẹni tó nílò rẹ̀. Sàhábà rẹ̀, Uthman, ló fi owó ara rẹ̀ ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, tó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn èèyàn.

Alájì kan tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an sọ fún wa lẹ́yìn irun Jímọ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ wa, owó mi ni mo fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ yẹn, owó mi ni mo fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀.” A dáhùn pé, “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i. Àjẹṣẹ́kù nìkan là ń sọ.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á rò ó. Ohun tí a kò tíì sọ fún Bàbá ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ fẹ́ǹsì. Kànga ẹ̀rọ tó ń fa omi látàárọ̀ dalẹ́ lè fa omi kànga kékeré tó wà nítòsí sísàlẹ̀, àwọn tó ni kànga kékeré náà sì ni kò lówó láti gbẹ́ òmíràn. Nígbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ ni garawa máa ń gbé wá. Ẹni tí kò bá sì rí omi nítòsí á ra ti àwọn mẹ́rúwà láìmọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, tàbí kó rán àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, kí wọ́n tó lọ sí iléèwé.

Ibi tí àìsàn ti ń wọlé nìyẹn. Ní ọdún 2021, àwọn tí àjọ NCDC kọ sílẹ̀ pé onígbáméjì pa ní orílẹ̀-èdè wa lé ní 3,500. Bí omi bá wọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí ìdílé ń dín kù ni fífọ ọwọ́. A kì í fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, a kì í fọ ìgò oúnjẹ ọmọ dáadáa mọ́. A máa ń rí i ní ilé oògùn: nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìyá tó ń wá ra ORS àti síńkì fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ a máa pọ̀ sí i, bí a bá sì béèrè ibi tí omi ilé ti ń wá, a kì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn náà tán.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ jẹ́ kí koríko sùn láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta. Koríko tó pọ́n, tó sì gbẹ kì í ṣe òkú koríko. Ewé ló fi sílẹ̀. Gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ wà láàyè. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí èyí ní ọdún 2022, nígbà tí ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́, tí Thames Water sì fòfin de rọ́bà omi lóṣù Kẹjọ. Gbogbo pápá ìṣeré pọ́n bí koríko òkè ọya. Nígbà tí òjò padà dé, ewé tútù padà hù. Bahama, koríko ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mọ oorun sùn dáadáa. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carpet grass, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn. Ẹ fún un ní ìdajì ìwọ̀n tí a sọ lókè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ìdí rẹ̀ má bàa kú.

Ẹni tí omi rẹ̀ bá pọ̀ tó láti bomi rin ín kò gbọdọ̀ fi kàlẹ́ńdà ṣe é. Ẹ rìn kọjá lórí koríko náà kí ẹ wo ẹ̀yìn. Bí ipasẹ̀ yín bá ṣì hàn, tí ewé kò dìde padà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bó bá dìde kíá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì gé e mọ́lẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí àwọn tó ń gé koríko ṣe fẹ́ràn láti máa ṣe. Ewé tó ga ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ń ṣíji bo ilẹ̀. Èyí tí ẹ bá gé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Àwọn kan ti ro gbogbo rẹ̀ papọ̀, wọ́n sì ti fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí iwájú ilé. A kò bá wọn fọwọ́ sí i. Koríko, títí kan èyí tó ń sùn, ń di eruku mú, eruku ọyẹ́ sì ń yọ àwọn tó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Bákan náà ni wọ́n ń di ẹ̀bi ẹ̀fọn ru koríko. Inú omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹyin rẹ̀ sì ń di ẹ̀fọn láàárín bí ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ wo kòtò tí omi rọ́bà ń dá sí, abọ́ abẹ́ ìkòkò òdòdó, àti ìdérí táǹkì tó ti là kí ẹ tó bá koríko wí.

Omi kan wà tí a ń dà nù lójoojúmọ́ tó yẹ fún koríko: omi àlùwàlá. Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan ti mazhab Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, omi náà ṣì mọ́. Ní mọ́ṣáláṣí tiwa, a darí rẹ̀ sí ìdí igi máńgòrò àti koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri. Páìpù kan àti iṣẹ́ bíríkìlà ọjọ́ kan ló gbà. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára bákan náà. Omi ìwẹ̀ tí kò ní oògùn apakòkòrò lè lọ síbẹ̀, bí ẹ bá dà á lọ́jọ́ náà; ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì dà á sórí ewébẹ̀ tí a ń jẹ ní tútù. Omi tó ní kẹ́míkà tó ń sọ aṣọ di funfun máa jó koríko. Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn olómi tó ti bàjẹ́ sínú koríko mọ́, pàápàá bí kànga bá wà nítòsí. Ẹ mú un wá fún apoògùn yín, ó mọ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ má sáré hú ibi tó pọ́n dànù. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó mọ ibi tó kú lóòótọ́. Ibi tí kò bá hù, ẹ gbin tuntun sí i nínú oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni koríko tuntun nílò omi lójoojúmọ́, òjò á sì bá yín ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.