Àáró Oníyùn

Nígbà tí ọdún Lísàbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tilé-toko ń múra láti wọ Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ tó yẹ ọmọ Olúmọ, ọwọ́ oníyùn kì í dilẹ̀, nítorí pé yóò fi iyùn ọrùn kan háyà fún ìyàwó ilé kan, yóò gbé sẹ̀gi mìíràn tọ asínlẹ̀kẹ̀ lọ fún àtúnṣe, yóò sì di ìyókù sápò, ó di Èkó. Ọjà rẹ̀ kò gbé ojú kan, bẹ́ẹ̀ ni ewu tó ń dọdẹ rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìsọ̀ oníyùn tó jó, gbèsè ló ń bí.

Ìnṣọ́ránsì iná àti ti olè tí ọ̀pọ̀ ń rà, ìsọ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Nítorí ọjà tó ń rìn ni àwọn adójútòfò Lloyd's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Cuthbert Heath ti jẹ́ aṣíwájú, fi dá ti àwọn oníwúrà sílẹ̀: ìwé kan ṣoṣo tó ń tẹ̀lé ọjà láti ìsọ̀ dé ojú ọ̀nà, dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, títí kan ohun ọ̀ṣọ́ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ ẹni fún àtúnṣe. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Àáró ni Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà fi kó Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ lọ́rùn. Àáró owó sì ni èyí, níbi tí a ti ń fi owó ẹni tí òfò kò ṣe tu ẹni tó ṣe nínú.

Ṣùgbọ́n àáró lófin. Òfin ìnṣọ́ránsì ilẹ̀ wa là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò tíì sanwó kò tíì ní ààbò. Ìwé náà sì sábà máa ń sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ sun inú àpótí irin. Èyí tí a fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ ẹni jí, wọn kì í sábà san án. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tí ọjà rẹ̀ tó mílíọ̀nù 20 náírà, tó pè é ní mílíọ̀nù 10 kí owó ọdọọdún lè fúyẹ́: bí olè bá kó ti mílíọ̀nù 4, mílíọ̀nù 2 péré ni yóò gbà, nítorí pé ìdajì ló fi sínú àáró.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí, ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lọ́rùn olówò tàbí ẹbí rẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò. Nítorí náà, kí oníyùn tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ó bi alágbàtà pé: iyùn tí mo fi háyà, tó já bọ́ lọ́rùn ìyàwó lójú agbo, ta ni yóò san án? Bí èsì náà kò bá sí nínú ìwé, kí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lójú òun.