Iṣẹ́ Kíkọ Ètò fún Kọ̀ǹpútà: Ṣé Àgbà Lè Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀?

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ìyá kan nínú kíláàsì wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Atakpamé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 29, ó sì ń fi alùpùpù ṣe zémidjan. Ìyá náà ní:

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ mi fẹ́ ta alùpùpù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ sí Lomé lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà. Ó ní bí òun bá parí rẹ̀, àwọn òyìnbó yóò máa sanwó fún òun láti ìlú wọn. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ lù ú ní jìbìtì?"

Mo ní: "Ìyá, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀tàn náà sì lè wà níbẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n wádìí rẹ̀ dáadáa."

Ohun tí mo sọ fún un nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé ni mo kọ síhìn-ín. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó ń bi irú ìbéèrè yìí.

Kí ni ètò kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Ó dà bí ọmọdé kan tí ó ń gbọ́ràn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ rán ọmọ náà lọ ra tòmátì 500 sẹ́fà ní ọjà. Ọmọ tí ó gbọ́n, bí kò bá rí tòmátì, yóò padà wálé wá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mò ń wí yìí, bí ẹ kò bá sọ ohun tí yóò ṣe bí tòmátì kò bá sí, yóò dúró sínú ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nítorí náà, ẹ ní láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ: lọ sí ọjà, wo ìsọ̀ àkọ́kọ́, bí tòmátì bá wà, rà á, bí kò bá sí, lọ sí ìsọ̀ kejì, bí o bá dé ìsọ̀ kẹwàá tí o kò rí i, padà wálé.

Ìwé àṣẹ tí a kọ ní ẹsẹẹsẹ báyìí ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn èdè kan wà tí a fi ń kọ ọ́, bíi Python àti JavaScript. Ọ̀rọ̀ inú èdè wọ̀nyí kò pọ̀. Ohun tí ó le ni pé kọ̀ǹpútà kì í dárí àṣìṣe jini. Bí ẹni bá gbàgbé àmì kékeré kan ṣoṣo, gbogbo ètò lè dúró gbagidi. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè fi òwúrọ̀ kan kọ ètò, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, iṣẹ́ náà yóò sú u.

A ti ń jẹ èrè iṣẹ́ yìí ní Togo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Novissi. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró yóò tẹ *855# sórí fóònù rẹ̀, kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ fóònù olówó ńlá. Bí orúkọ rẹ̀ bá yẹ, owó yóò wọlé sínú fóònù náà. Ní agbègbè Lomé, obìnrin gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin gba 10,500. Kò sí ẹni tí ó tò sí ẹnu ilé ìfowópamọ́. Bákan náà ni Gozem, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lomé ní ọdún 2018, tí ènìyàn fi ń pe zémidjan láti orí fóònù. Ọmọ ìyá yìí mọ Gozem dáadáa. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ rò ó pé ẹni tí ó kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ń jẹun lára gbogbo alùpùpù, òun sì ń jẹun lára ẹyọ kan.

Àgọ́ ìkọ́ṣẹ́ oníkíákíá

Láyé àtijọ́, yunifásítì ni ènìyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ Dev Bootcamp ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Bootcamp ni orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun tuntun. Ẹ̀kọ́ náà kò ju oṣù mélòó kan lọ, láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìsí ìsinmi púpọ̀. Tísà, akọ̀wé, agbọ́tí, gbogbo wọn ni ó wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí iṣẹ́. Kíá ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n Dev Bootcamp fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní ìparí ọdún 2017, nítorí owó tí ń wọlé kò tó owó tí ń jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ Èkó ni ó kàn wá jù. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kọ̀wé. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ wọn; àwọn ni ó ń san owó oṣù fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe, Andela yóò fi wọ́n fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, wọn yóò sì máa ṣe iṣẹ́ náà láti Èkó. Ní ọdún 2016, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, wá sí Èkó, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela dá bíi 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dúró, ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ rárá. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà sọ ni pé àwọn oníbàárà ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Wọn kò wá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ náà wà. Oṣù mẹ́fà lè sọ ènìyàn di ọmọ iṣẹ́. Kò lè sọ ọ́ di ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà mọ ohun tí mò ń wí. Láti ìparí ọdún 2022 wá, àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ ètò fúnra wọn, bíi ChatGPT, tún ti dé. Iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n máa ń kó fún ọmọ iṣẹ́ ni ẹ̀rọ wọ̀nyí kọ́kọ́ ń gbà.

Ṣé ó wá yẹ kí á sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ? Rárá o. Iṣẹ́ náà wà, ó sì lè rin ọ̀nà jíjìn. Àwa ará Atakpamé kò gbọdọ̀ gbàgbé Kamina. Láàrin ọdún 1911 sí 1914, àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá síbẹ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀. Ó lé ní 5,000 kìlómítà. Àwọn fúnra wọn ni ó bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Nítorí náà, kí ènìyàn jókòó sí Atakpamé kí iṣẹ́ rẹ̀ dé Berlin, kì í ṣe ohun tuntun.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò

Èmi àti ìyá náà mú ìwé àti bírò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi àyè gbà ní Togo ni 52,500 sẹ́fà. A ní kí á fi sí i pé ohun tí ọmọ náà yóò máa ná lóṣù ní Lomé nìyẹn, fún ilé àti oúnjẹ. Oṣù mẹ́fà jẹ́ 315,000. A fi 400,000 sí owó ẹ̀kọ́, a fi 150,000 sí kọ̀ǹpútà àlòkù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 865,000 sẹ́fà. Ìyá náà kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo wá ní: "Ìyá, bí ó bá parí ẹ̀kọ́, tí kò rí iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà mìíràn ńkọ́?"

Ó fi 315,000 kún un. Ó di 1,180,000. Ó wo ìwé náà títí, ó ní: "Alùpùpù rẹ̀ kò tó èyí. Ìsọ̀ mi ni yóò bá a lọ."

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ pé, wá kọ́ṣẹ́ ná, wàá sanwó nígbà tí o bá ríṣẹ́. Decagon ní Nàìjíríà lo irú ọ̀nà yìí. Ó dára fún ẹni tí kò lówó, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Kí ẹ tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kà á tán, tàbí kí ẹ mú un wá sí kíláàsì kí á jọ kà á. Ẹ wo iye tí ẹ óò san lápapọ̀. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ kò bá yọjú, tàbí bí àìsàn bá dé. Ta ni onígbọ̀wọ́? Bí ó bá jẹ́ ìyá ni, ìsọ̀ ìyá ni wọn yóò wá tì.

Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà pé, níbo ni àwọn tí ó parí lọ́dún tó kọjá wà nísinsin yìí? Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá mẹ́ta nínú wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnì kan tí àwọn fúnra wọn yàn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ ibì kan tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà márùn-ún sì ni ó wà fún ènìyàn 20. N kò ní dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Faransé ni ọmọ wa kọ́ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ yìí àti ọ̀pọ̀ oníbàárà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Faransé tó láti bẹ̀rẹ̀. OpenClassrooms, ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè kà láìsanwó. Ọmọ ọdún 13 kan, Mathieu Nebra, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, nítorí kò rí ìwé tí ó yé e. Ní Gẹ̀ẹ́sì, freeCodeCamp wà láti ọdún 2014, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Lomé pàápàá, WoeLab ti wà láti ọdún 2012. Ibẹ̀ ni Afate Gnikou ti fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n dà nù ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onípele mẹ́ta ní ọdún 2013, tí ìròyìn rẹ̀ fi kan gbogbo ayé.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọ náà ni pé kí ó má ta alùpùpù. Kí ó fi oṣù mẹ́ta kọ́ èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní alẹ́ ná. Bí kò bá sú u, kí á tún jókòó. Ó bínú díẹ̀. Ó ní: "Bùrọ̀dá Tísà, ẹ̀ ń dá mi dúró ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oṣù mẹ́ta péré.

Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní alẹ́, nígbà tí iná bá wà. Ní oṣù kẹrin ó kọ ètò kékeré kan fún ìyá rẹ̀, láti fi ka gbèsè àwọn tí ó ra aṣọ láwìn. Ìyá náà kò fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ìgbà tí ó ti ń wá sí kíláàsì. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn. Ti kọ̀ǹpútà dín 2,000 sẹ́fà. Ọmọ náà wá àṣìṣe fún ọjọ́ méjì. Ó rí i níkẹyìn: ètò rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe bí oníbàárà kan bá ra aṣọ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan náà. Ó ti tún un ṣe. Oṣù tí ń bọ̀ ni a óò tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ Lomé.