Ìyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Lára Sátẹ́láìtì Méjì Tí Ń Fò Pọ̀: Àpẹẹrẹ Proba-3

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ESA, àjọ tí ń rí sí ìmọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ Yúróòpù, fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íńdíà gbé sátẹ́láìtì méjì lọ sí òfurufú láti Sriharikota. Proba-3 ni orúkọ iṣẹ́ náà. Èkíní gbé àwo róbótó kan tí ó fẹ̀ tó mítà 1.4, èkejì gbé awò tí a fi ń wo oòrùn. Ojúṣe èkíní ni láti dúró níwájú kí ó sì fi àwo rẹ̀ bo oòrùn lójú fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí awò náà lè rí ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yí oòrùn ká bí adé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ lọ.

Mítà 150 ni àlàfo tí ó gbọ́dọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì. Òjìji tí ń bọ́ sórí èkejì fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8, ẹnu awò sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ààyè tí ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ. Bí òjìji bá yẹ̀ kọjá èyí, oòrùn gan-an ni yóò wọ inú awò, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì bàjẹ́.

Ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn

Nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì náà bá sún mọ́ ayé, GPS lè sọ ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ibi tí ó jìnnà jù lọ ní ipa ọ̀nà wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ju 60,000 kìlómítà lọ sókè, nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì GPS kò ju nǹkan bíi 20,000 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n wá gbára lé. Kámẹ́rà ara èkíní ń wo àwọn gílóòbù wẹẹrẹ tí ń ṣẹ́jú lára èkejì. Lẹ́yìn èyí ni lésà, tí dígí kan lára èkejì ń dá padà síbi tí ó ti wá. Ní ìkẹyìn, ojú kéékèèké mẹ́jọ tí wọ́n tò yí ẹnu awò ká ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní etí òjìji.

Kí ni ìyẹ̀wò òṣùwọ̀n?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní calibration ni “ìyẹ̀wò òṣùwọ̀n” dúró fún nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa túmọ̀ rẹ̀ sí “àtúnṣe”, èyí kò sì tọ̀nà. Ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìdí kóńgò òun ti tẹ̀ wọnú, tí ó sì ń bu ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan lé e fún gbogbo oníbàárà, bí irú wọn kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà, kò tún kóńgò ṣe. Ó mọ iye tí kóńgò fi ń parọ́, ó sì ń dí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òfurufú, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò ti lè tó ẹ̀rọ mọ́.

Wọ́n ti yẹ àwọn ojú wọ̀nyí wò nílé kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì a máa mi ẹrù rẹ̀ jìgìjìgì, apá tí ó kọjú sí oòrùn a máa gbóná, apá tí ó wà lábẹ́ òjìji a sì tutù. Bí ìdúró kámẹ́rà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì péré yí, ibi tí ó rò pé èkejì wà ní mítà 150 yóò fi ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ yàtọ̀ sí ibi tí ó wà gan-an. Ààyè tí ó wà kò sì ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀.

Ta ni yóò wá jẹ́rìí, níbi tí kò sí ẹni tí yóò na tépù? Ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n fi ń yẹ èkejì wò: ohun tí kámẹ́rà rí ni a ó gbé ka iwájú ohun tí lésà wí, ti lésà ni a ó sì gbé ka iwájú ti òjìji. Bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, òfin ìrìn ohun tí ń yí ayé ká a máa ṣe onídàájọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtìsíwájú bá dákẹ́, ọ̀nà tí sátẹ́láìtì yóò gbà ṣeé ṣírò ṣáájú. Ojú tí ó bá ń ròyìn ọ̀nà mìíràn ni àṣìṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ojú mẹ́jọ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí òjìji bá wà láàrin gbùngbùn, iye ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó yẹ kí gbogbo wọn kà. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ méjì kì í ríran dọ́gba pátápátá. Bí a kò bá kọ́kọ́ mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mú tó, sátẹ́láìtì tí ó wà ní ipò rẹ̀ yóò rò pé òun ti yẹ̀, yóò sì sún kúrò níbi tí ó tọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìtànṣán òfurufú a máa sọ irú ojú bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ìyẹ̀wò wọn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àwọn méjèèjì pínyà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n dúró ní mítà 150 sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí àṣẹ láti ilẹ̀, ìṣìnà wọn kò sì ju ìwọ̀n mìlímítà lọ. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà ọdún náà ni ESA gbé àwòrán adé oòrùn àkọ́kọ́ tí wọ́n yà jáde.