Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ni iwe adìyẹ?

Bí wọ́n bá pa adìyẹ nínú agbo ilé l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, baálé ilé ni wọ́n sábà máa ń gbé iwe fún.

Ohun tí ìmọ̀ nípa àwùjọ ń wò nínú oúnjẹ nìyẹn: ta ló sè é, ta ló kọ́kọ́ bu òkèlè? Ní 1951, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí oúnjẹ Yorùbá. Jack Goody, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, tẹ ìwé jáde ní 1982. Nínú ìwé náà, ó wádìí ìdí tí oúnjẹ ìjòyè àti ti mẹ̀kúnnù kò fi yàtọ̀ púpọ̀ ní àríwá Gánà. Ìbéèrè ńlá ni!

Yàtọ̀ sí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ, ibi tí oúnjẹ ti wá náà ní ìtàn, títí kan àwo àmàlà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ata inú ọbẹ̀ ti wá, bíi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe láfún.

Agbo ilé ni iwe ti jẹ́ ti baálé; ní búkà ńkọ́? Owó ló ń pín ẹran níbẹ̀, kì í ṣe ipò nínú ilé.