Omi Ṣáájú, Ẹnu Tẹ̀lé E: Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Ọmọ Ìjọ Luther

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ọmọ tuntun kan tí a bi léèrè orúkọ tí ó wù ú. Àwọn àgbà ilé ni ó ń wo ilé, àwọn ni ó sì ń fi ẹnu ara wọn pe orúkọ tí ọmọ náà yóò máa jẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rí lọ́dọ̀ àwọn ìjọ Kristi tí wọ́n ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: nígbà wo ni ọmọ yìí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ nítorí òun? Bí kò bá sì gbà á ńkọ́? Ìjọ Luther, tí ó ti inú Àtúnṣe Ìjọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1517 jáde, ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí fún nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá a kún fún ẹ̀kọ́.

ÌSÀMÌ NI ẸNU Ọ̀NÀ

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Luther, ìsàmì ni ẹnu ọ̀nà. Lójú ìjọ, àlùfáà a bu omi sí ọmọ lórí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àwọn òbí àti àwọn onígbọ̀wọ́, èyíinì ni baba ìsàmì àti ìyá ìsàmì, ni ó ń dáhùn ìbéèrè, nítorí pé ọmọ kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìjọ. Luther kọ́ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni ìsàmì, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà, àìtí-ì-gbọ́n ọmọ kò sọ ọ́ di asán. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ṣe é fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún àgbàlagbà. Ẹni tí a kò ṣe ìsàmì fún rí yóò kọ́kọ́ jókòó ti àlùfáà fún ẹ̀kọ́, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, lẹ́yìn náà ni a óò tó da omi sí i lórí. Ẹni tí a ti ṣe ìsàmì fún ní ìjọ mìíràn kò tún ní padà sínú omi. Ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́, yóò sì dúró níwájú pẹpẹ láti sọ pé ohun tí ìjọ náà gbàgbọ́ ni òun náà gbà. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ìjọ Luther níbòmíràn, tí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó gbé dé ìlú tuntun, ìwé ni yóò gbà lọ́wọ́ ìjọ rẹ̀ àtijọ́ láti fi hàn pé ọmọ ìjọ rere ni òun í ṣe. Àṣà ìwé yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Jámánì, Nọ́wè àti Swídìn tí wọ́n ṣí lọ síbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ti dá ìjọ púpọ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọ yìí ti pẹ́ ni ti ọmọ ọwọ́ tí a ṣe ìsàmì fún, tí ó sì dàgbà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó jáde wá gba ìgbọ́wọ́lé.

ÌWÉ KÉKERÉ TÍ LUTHER KỌ

Ní ọdún 1528, Luther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bẹ àwọn ìjọ ilẹ̀ Saksoni wò. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ará oko ni kò mọ ohunkóhun nínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àwọn àlùfáà kan pàápàá kò sì lè kọ́ni. Nítorí èyí ni Luther ṣe kọ Katikísímù Kékeré ní ọdún 1529. Òfin Mẹ́wàá, Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, Àdúrà Olúwa, ìsàmì, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni ó wà nínú rẹ̀, ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Baálé ilé ni Luther fẹ́ kí ó máa fi ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ àti ìránṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Luther pẹ̀lú mọ èyí.

Luther fúnra rẹ̀ kò ka ìgbọ́wọ́lé sí sákírámẹ́ntì bí ìjọ Páàdì ti kà á sí. Ọ̀ràn kan ni ó mú un padà wá. Ní ìgbà náà, àwọn ènìyàn kan dìde ní ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń sọ pé ìsàmì ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìsàmì rárá. Wọ́n béèrè pé báwo ni ẹni tí kò mọ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì ṣe lè bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú. Ọ̀rọ̀ wọn wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí ní ilẹ̀ Hessi. Martin Bucer, tí wọ́n pè láti ìlú Strasbourg wá yanjú aáwọ̀ náà, kò já ìsàmì ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ rọ́ ìbéèrè náà tì. Nínú ìlànà tí wọ́n ṣe ní Ziegenhain, tí ó jáde ní ọdún 1539, wọ́n pàṣẹ pé kí a mú àwọn ọmọ tí ó ti mọ katikísímù wá síwájú ìjọ, kí wọ́n dáhùn fúnra wọn, kí a sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí pẹ̀lú àdúrà. Báyìí ni ẹnu ọmọ ṣe wá tẹ̀lé omi.

Ẹni tí ó bá mọ ìlànà ìjọ Àńgílíkà yóò rí ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Ní ìjọ Àńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó ń ṣe ìgbọ́wọ́lé. Ní ìjọ Luther, àlùfáà ìjọ náà gan-an, ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́, ni ó sábà máa ń gbé ọwọ́ lé e.

ÒFIN ỌBA NÍ ILẸ̀ NỌ́WÈ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọba kan náà ni ó ń jẹ lórí Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè. Ní ọdún 1736, Ọba Christian Kẹfà pàṣẹ pé dandan ni ìgbọ́wọ́lé fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àlùfáà Erik Pontoppidan ṣe ìwé àlàyé katikísímù kan jáde, tí ìbéèrè àti ìdáhùn inú rẹ̀ jẹ́ 759. Ìwé yìí ni àwọn ọmọ ní láti kọ́ sórí. Ní ọdún 1739, ọba tún pàṣẹ kí a dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àwọn ìgbèríko Nọ́wè, nítorí pé ẹni tí kò lè kàwé kò ní lè dáhùn ìbéèrè àlùfáà.

Kò sí ẹni tí yóò sẹ́ pé òfin yìí ṣe rere. Ìwé kíkà tàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja, ọkùnrin àti obìnrin, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ka ẹ̀kọ́ tálákà sí. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ojú mìíràn. Ẹni tí kò bá gba ìgbọ́wọ́lé kò lè gbéyàwó, kò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Àlùfáà sì ní àṣẹ láti dá ọmọ tí kò bá mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí orí rẹ̀ kò tètè gba ìwé, tàbí ìránṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò fún láyè láti kàwé, lè dàgbà di géńdé kí ó má tíì kúrò ní ipò ọmọdé lójú òfin. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wá di ìwé àṣẹ ìgbéyàwó.

Àwọn aráàlú náà sọ ọ́ di ọjọ́ ńlá. Wọ́n ń pe ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ní "lílọ sọ́dọ̀ àlùfáà". Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ á tò sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ìjọ, àlùfáà á sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìtò náà ní ipò: ẹni tí ó bá dúró ní ipò kìn-ín-ní ni ọlá tọ́ sí. Ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó fi ènìyàn sí ipò, ṣùgbọ́n ọrọ̀ àti ipò baba a máa ti ọmọ síwájú. Bjørnstjerne Bjørnson, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Nọ́wè tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1903, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà, kọ ìtàn kúkúrú kan tí ó pè ní "Faderen", èyíinì ni "Baba". Nínú rẹ̀, ọlọ́rọ̀ kan lọ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà ipò tí ọmọ òun yóò dúró sí, ìgbà tí ó gbọ́ pé ipò kìn-ín-ní ni, ni ó tó san owó. Bjørnson mọ ohun tí ó ń sọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé, ọmọ ti di àgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin á wọ ṣòkòtò gígùn, ọ̀pọ̀ á sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ tàbí láti wọ ọkọ̀ òkun. Nínú gbogbo ariwo yìí, ó ṣòro láti mọ ẹni tí ó fi ọkàn sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

ÌLẸ̀KÙN TÍ Ó ṢÍ

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ṣí. Ní ọdún 1845, òfin gbà fún ará Nọ́wè láti kúrò ní ìjọ ìjọba lọ sí ìjọ Kristi mìíràn. Òfin tí ó so ìgbọ́wọ́lé mọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú di ohun àtijọ́. Ní ọdún 1951, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ìdàgbàsókè tí kò ní ẹ̀sìn nínú fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 2012, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ṣe. Nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọ náà ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè wọ ìjọ, ó sì lè fi í sílẹ̀, láìgba àṣẹ òbí.

Ní Swídìn, ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀. Títí di ọdún 1996, ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ di ọmọ ìjọ láti ọjọ́ tí a ti bí i, bí a kò tilẹ̀ ṣe ìsàmì fún un. Láti ọdún náà ni ìsàmì ti tún di ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Luther fúnra rẹ̀ ti wí.

Kò sí ìjọba tí ó ń fi ipá mú ọmọ Nọ́wè lọ síwájú pẹpẹ mọ́. Iye àwọn tí ó ń lọ ti dín kù. Síbẹ̀, nígbà tí àlùfáà bá gbé ọwọ́ lé ọ̀dọ́ kan lórí, tí ó sì gbàdúrà fún un, gbogbo ìjọ mọ̀ pé ó lè ṣàìwá. Wíwá tí ó wá ni ẹ̀rí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀bùn owó àti aṣọ ìbílẹ̀ tuntun a máa fa àwọn mìíràn mọ́ra, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

NÍ ILẸ̀ NÀÌJÍRÍÀ

Ìjọ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1913 ni Niels Brønnum, dókítà ọmọ Dẹ́nmáàkì, dé Numan, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Adámáwá lónìí. Ibẹ̀ ni ìjọ Luther ti Kristi ní Nàìjíríà ti hù. Ní ìhà gúúsù, àwọn ará Ìbíbíò fúnra wọn ni ó wá olùkọ́ lọ. Jonathan Udo Ekong ti Ibesikpo lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1928, ó sì bẹ àwọn ọmọ ìjọ Luther níbẹ̀ pé kí wọ́n wá sí ìlú òun. Ní ọdún 1936, wọ́n wá.

Ní irú àwọn ibi báyìí, ètò náà yí padà. Ní Nọ́wè, omi ni ó ṣáájú, ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e. Níbi tí ìhìn rere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àgbàlagbà ni ó kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì, ẹnu rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́, omi sì tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ bí ni ó wá gba ọ̀nà ti àkọ́kọ́: omi ní ìkókó, ẹnu ní ìgbà èwe. Ìjọ Luther ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, níwọ̀n ìgbà tí omi àti ẹ̀kọ́ bá ti pàdé lára ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún òbí, fún olùkọ́ àti fún ẹnikẹ́ni tí ó ń kó ọmọ wọ ẹ̀sìn, ìyówù kó jẹ́. Ẹ̀tọ́ òbí ni láti sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí kò tí ì lè sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò dúró lójú ìjọ, tí gbogbo ìjọ yóò dákẹ́, tí wọn yóò máa retí ohùn tirẹ̀. Òfin ọba lè mú kí ó ka ìdáhùn 759 láìṣì í. Kò lè mú kí ó gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.